Kí Ló Dé Tí Othello Kò Bi Ìyàwó Rẹ̀ Léèrè?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi, Scarborough ni èmi àti ìdílé mi ń gbé níbí ní Toronto. Ìbàdàn ni èmi àti ìyàwó mi ti fẹ́ra kí a tó kó wá sí Kánádà, Ọlọ́run sì fi ọmọ ta wá lọ́rẹ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Bí òun bá ti ń wọlé ni èmi ń jáde. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa lónìí kò ju "ṣé ọmọ ti jẹun?" àti "ṣé a ti san owó ilé?" lọ.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ti ilé wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó fi mọ́tò gbé ìyàwó mi wálé láàárọ̀, pé àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n la ojú mi dáadáa. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ fóònù rẹ̀ wò bó bá ti sùn. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Àìrí nǹkan kan gan-an ti wá ń dà bí ẹ̀rí lójú mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọmọ wa obìnrin, tó wà ní kíláàsì kejìlá, fi mú ìwé Othello tí Shakespeare kọ wálé. Àròkọ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ: ṣé ìfẹ́ ló fa owú Othello ni, àbí nǹkan mìíràn? Ó ní kí n bá òun kà á. Nígbà tí a kà á dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń wá ẹ̀rí kiri, ara mi bù máṣọ. Mo ní kí ọmọ jẹ́ ká dáwọ́ dúró, pé ó ti rẹ̀ mí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, kí ló dé tí jagunjagun ńlá bẹ́ẹ̀ fi tètè gba irọ́ gbọ́? Èkejì, nílé wa wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò bá jowú kò nífẹ̀ẹ́. Ṣé ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi eré wọn sọ nìyẹn? Ẹ̀kẹta, ṣé eré kankan wà nínú tiwọn tí owú ti wọlé tọkọtaya, tí ilé náà kò sì tú?

Èmi ni, ọkọ kan ní Scarborough.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, mo kí ọ. Ohun tó o kọ sínú lẹ́tà yìí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, àgàgà èyí tó o sọ nípa fóònù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé, ojú yẹn ni n ó sì fi dá ọ lóhùn, láìfepo bọyọ̀. Nínú àwọn ògbólógbòó eré Gẹ̀ẹ́sì tí owú wà nínú wọn, ẹni tó ń jowú máa ń bi gbogbo ayé léèrè, yóò sì fo ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìdáhùn dá. Bó bá padà bi ẹni náà lákòókò, tó sì gbọ́ tirẹ̀, ilé á dúró. Bó bá pẹ́ kó tó bi í, ilé á tú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe nítorí àròkọ ọmọ nìkan.

Irọ́ tí Othello gbà gbọ́

Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ nípa eré náà sọ pé wọ́n ṣe é ní ààfin Whitehall, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1604. Bí a bá ka wákàtí inú rẹ̀, láti ìgbà tí tọkọtaya náà gúnlẹ̀ sí erékùṣù Cyprus títí di òru tí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàwó, kò pé ọjọ́ méjì. Ìran kẹta ní ìpín kẹta ni kókó rẹ̀ wà. Nígbà tí ìran náà bẹ̀rẹ̀, Othello kò rí ẹlòmíràn tó dà bíi Desdemona, ìyàwó rẹ̀. Kó tó parí, ó ti kúnlẹ̀, ó ń búra pé òun yóò gbẹ̀san.

Wo bí Iago, ọmọ ogun kan lábẹ́ Othello, ṣe ṣe é. Kò kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó rí Cassio, tó ti jẹ́ igbákejì Othello, tó ń kúrò lọ́dọ̀ Desdemona, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Othello bi í ní ìbéèrè, ó tún ìbéèrè náà sọ padà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan wà níkùn rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Othello fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Nígbà tí Iago wá sọ̀rọ̀, òtítọ́ ló kọ́kọ́ mú lò: pé Desdemona kò sọ fún bàbá rẹ̀ kó tó fẹ́ Othello, àti pé àjèjì ni Othello láàárín àwọn ará Venice, tí kò mọ ìwà àwọn obìnrin wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Othello tó dá wà, tó ń kà á fún ara rẹ̀ pé òun jẹ́ dúdú, òun kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ bí àwọn ọmọ ààfin, òun sì ti ń dàgbà. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ wà. Kí Othello tó gba irọ́ gbọ́ nípa ìyàwó rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ gba irọ́ gbọ́ nípa ara rẹ̀, pé irú òun kò lè jẹ́ ẹni tí irú obìnrin yẹn yóò fẹ́ràn títí. Ogun tó ti jà kò lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, nítorí kò sí ọ̀tá kankan lójú ogun tó bi í rí bóyá ẹnikẹ́ni lè nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Aṣọ ìnujú tí gbogbo ènìyàn ń sọ ńkọ́? Orí ń fọ́ Othello lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ mú aṣọ náà jáde pé kí òun fi dì í lórí. Othello ní ó kéré, ó tì í kúrò, aṣọ jábọ́, àwọn méjèèjì sì kúrò níbẹ̀. Emilia, ìyàwó Iago, ló he é, tó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí Desdemona ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ gan-an ni aṣọ náà sọnù, ojú ọkọ náà ló sì ṣe. Nígbà tí Othello wá béèrè rẹ̀, ìdẹ́rùbà ló fi béèrè. Ó ní oògùn wà lára aṣọ náà, pé ìyá òun ló fún òun, pé ègún ni fún ẹni tó bá sọ ọ́ nù. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó ní kò sọnù. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa fún ọkọ rẹ̀ lórí aṣọ náà, ìpayà ló bí i.

Kò sì jẹ́ pé Othello kò béèrè rárá. Ó bi Emilia, Emilia búra pé obìnrin náà mọ́, Othello ní alágbèrè bíi tirẹ̀ ni Emilia ń gbè lẹ́yìn. Ó dojú kọ Desdemona, ó pè é ní orúkọ burúkú. Desdemona bi í pé pẹ̀lú ta ni òun ṣe àgbèrè. Othello kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àfi òru ọjọ́ ikú, lórí ibùsùn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Cassio. Desdemona ní kí wọ́n pe ọkùnrin náà wá, kí wọ́n bi í. Othello ní ẹnu ọkùnrin náà ti pa mọ́, nítorí ó rò pé wọ́n ti pa á. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Othello kì í ṣe òṣìkà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ẹnì kan tó gbọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí

Nǹkan kan wà nínú eré yìí tó yẹ kí Yorùbá tó wà lókè òkun tètè rí. Othello kò ní ẹbí kankan nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò ìyá. Desdemona náà kò ní bàbá tó lè sá bá mọ́, nítorí bàbá rẹ̀ ti bá a pínyà lórí ìgbéyàwó yẹn. Kí eré tó parí, a gbọ́ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ti pa bàbá náà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ológun gbé àwọn méjèèjì lọ sí erékùṣù kan tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Etí kan ṣoṣo tó kù fún Othello láti tú ọkàn rẹ̀ sí ni ti Iago.

Àwa náà mọ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn tiwa, ẹni tó gba Ọbà nímọ̀ràn pé kó gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ Ṣàngó, orogún rẹ̀ ni. Iago sì ní ohun tó ń dùn ún: ipò igbákejì tó ń retí, Cassio ni wọ́n fún, ó tún ti gbọ́ àhesọ pé Othello ti bá ìyàwó òun sùn. Owú ti ń jẹ Iago fúnra rẹ̀ kó tó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀.

Mi ò sọ pé Iago ni ọ̀rẹ́ rẹ. Ó lè jẹ́ pé ire rẹ ló ń fẹ́, ohun tó rí sì lè jẹ́ òtítọ́. Mọ́tò wà, ẹ̀rín wà. Ìtumọ̀ tó fún wọn ló jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró de bọ́ọ̀sì TTC rí ní Scarborough, ní kùtùkùtù oṣù kìíní, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, mọ bó ṣe rí kí ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ sọ pé "wọlé, jẹ́ kí n gbé ọ délé." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ kò mọ̀, fóònù kò mọ̀. Ìyàwó rẹ ló mọ̀.

Ṣé owú ni ẹ̀rí ìfẹ́?

Nílé wa, bí a bá dárúkọ owú, ìyálé àti ìyàwó la máa ń rántí. Nínú àwọn eré Gẹ̀ẹ́sì yìí, ọkọ ló sábà máa ń jowú, ìdí rẹ̀ sì wà. Lábẹ́ òfin wọn nígbà náà, ohun ìní obìnrin máa ń bọ́ sábẹ́ àṣẹ ọkọ rẹ̀ bó bá ti wọlé ọkọ. Ọdún 1882 ni òfin tó yí èyí padà gidi jáde. Ọmọ tí ìyàwó bá bí ni yóò jogún ilé àti ilẹ̀. Bí ìyàwó bá yan àlè, ọkọ ni àdúgbò ń fi ṣẹ̀sín, tí wọ́n á ní ìwo ti hù lórí rẹ̀, ìtàgé sì kún fún àwàdà ìwo yìí. Nítorí náà, bí o bá rí ọkọ tó ń jó bí iná nínú eré wọn, wò ó dáadáa. Ìbẹ̀rù ìtìjú àti ìbẹ̀rù kí ohun tẹni má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju ìfẹ́ lọ.

Ọmọ rẹ lè bi ọ́ bóyá nítorí pé Othello jẹ́ dúdú ni wọ́n ṣe fi owú kún inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, àwọn òṣèré ńlá sì ti bi í. Hugh Quarshie, tí wọ́n bí ní Gánà, sọ ní 1998 pé bóyá kò yẹ kí òṣèré dúdú ṣe Othello rárá, kó má baà dà bí ẹni tó ń jẹ́rìí sí ohun tí àwọn kan ń rò nípa wa. Ní 2015, òun náà ló ṣe é fún Royal Shakespeare Company, lẹ́yìn tí ó ti ro ọ̀rọ̀ náà já. Ọdún tó tẹ̀ lé e, David Oyelowo, ọmọ Yorùbá, ṣe é ní New York. Ohun tí mo máa sọ fún ọmọ rẹ ni pé kó wo àwọn ọkọ yòókù tí Shakespeare kọ. Ford, tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Leontes jẹ́ ọba Sicilia, Claudio, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú eré mìíràn, sì dójú ti ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níwájú pẹpẹ lórí irọ́ tí kò yẹ̀ wò. Kò sí èyí tó jẹ́ dúdú nínú wọn.

Leontes ló dáhùn ìbéèrè rẹ kejì jù. The Winter's Tale ni wọ́n ń pe eré rẹ̀, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ti wò ó ní 1611. Kò sí Iago níbẹ̀. Leontes fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyàwó rẹ̀, Hermione, bá òun bẹ ọ̀rẹ́ òun, Polixenes, kó má tíì lọ sílé. Hermione bẹ̀ ẹ́, àlejò gbà, owú sì gba ọkàn ọba lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ààfin ló sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ lọ bi òrìṣà, òrìṣà ní obìnrin náà mọ́, ọba ní òrìṣà parọ́. Ó ti fi ìyàwó sẹ́wọ̀n pẹ̀lú oyún, ó ti ní kí wọ́n lọ ju ọmọ jòjòló tó bí síbẹ̀ nù. Ọmọkùnrin rẹ̀, Mamillius, tí ìtìjú tí wọ́n fi kan ìyá rẹ̀ sọ di aláìsàn, kú ní ọjọ́ ìdájọ́ náà gan-an. Ọdún 16 ni Leontes fi kábàámọ̀. Hermione padà wálé, ọmọbìnrin wọn padà, Mamillius kò padà.

Yorùbá ti gbé eré yìí wọlé tiwa. Ní 2012, nígbà tí wọ́n ṣe eré Shakespeare ní èdè 37 ní Globe ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó, tí Wole Oguntokun darí, ṣe é ní èdè Yorùbá, wọ́n pè é ní Ìtàn Ògìnìntìn. Ṣàngó ni wọ́n fi Leontes ṣe, Ọya ni Hermione, Ògún ni Polixenes. Ẹni tó bá mọ̀ pé aya Ògún ni Ọya kó tó di aya Ṣàngó á mọ bí yíyàn yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Kánádà níbí ni Oguntokun kú sí ní 2024, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ẹni tí kò bá jowú kò nífẹ̀ẹ́, rántí Mamillius. Ìfẹ́ wà lọ́kàn Othello, ó wà lọ́kàn Leontes, mi ò sẹ́. Ẹ̀rù ló bí owú wọn. Emilia, ìyàwó Iago, sọ ọ́ kedere fún Desdemona pé ẹni tó ń jowú kò nílò ìdí. Ó ń jowú nítorí pé ó ń jowú ni. Ọkùnrin ló kọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọkùnrin ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí ìtàgé, nítorí pé oṣù kejìlá ọdún 1660 ni obìnrin tó jẹ́ òṣèré ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù, ipa Desdemona ni wọ́n sì gbà pé ó ṣe. Síbẹ̀, ẹnu ìyàwó ni wọ́n fi òtítọ́ sí.

Eré tí Toronto fi kún un

Ohun kan kò sí nínú Othello: owú ìyàwó tí ọkọ fi sílẹ̀. Ìlú tiwa yìí ló fi kún un. Djanet Sears, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìyá ará Jàmáíkà àti bàbá ará Guyana, tó sì dàgbà wọ Kánádà, kọ Harlem Duet. Ẹgbẹ́ Nightwood ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1997, ní Tarragon Theatre tó wà ní òpópónà Bridgman. Ó gba ẹ̀bùn Governor General ní 1998, ẹgbẹ́ eré Stratford ní Ontario ṣe é ní 2006, Tarragon sì tún gbé e padà ní 2018.

Billie ni orúkọ ìyàwó tí Othello kọ́kọ́ ní nínú eré yìí, obìnrin dúdú bíi tirẹ̀, ní Harlem. Ó ti bá a jìyà, ó ti fi owó rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́, Othello wá fi í sílẹ̀ lọ fẹ́ obìnrin funfun. Owú Billie kò wá láti inú àhesọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni. Síbẹ̀, ó fi oògùn sínú aṣọ ìnujú, orí rẹ̀ dàrú, ó bá ara rẹ̀ nílé ìwòsàn. Bàbá rẹ̀, tó ti pẹ́ tí kò sí nítòsí, ń jẹ́ Canada. Bàbá yìí dé, nígbà tí eré sì parí, ó ní òun kò lọ mọ́, pé fífi ara ẹni sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo sọ èyí fún ọ nítorí pé Othello ti Shakespeare kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Owú gidi àti owú asán, àwọn méjèèjì nílò ẹbí tó dúró.

Kí o sì rò ó wò, àbúrò mi, bóyá ìyàwó rẹ náà ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé o ti fi òun sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ ju ọ̀rọ̀ owó ilé lọ lè máa wá ẹni tó máa bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀ṣẹ̀ kankan má sì sí níbẹ̀.

Àwọn ilé tí kò tú

Ó wà, wọ́n sì pọ̀. Nínú The Merry Wives of Windsor, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1602, ọkùnrin oníjẹkújẹ kan tó ń jẹ́ Falstaff kọ lẹ́tà ìfẹ́ kan náà sí ìyàwó ilé méjì. Page, ọkọ ọ̀kan, ní òun gbẹ́kẹ̀ lé ìyàwó òun. Ford, ọkọ èkejì, pa orúkọ dà, ó fi owó rán Falstaff sí ìyàwó ara rẹ̀ láti dán an wò, ó kó aládùúgbò wọlé, ó tú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí wò níṣojú wọn. Kò rí nǹkan kan, kò sì sinmi. Ọjọ́ tó sinmi ni ọjọ́ tí àwọn ìyàwó náà jókòó, tí wọ́n tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọkọ wọn. Ford tọrọ àforíjì níbẹ̀, ilé rẹ̀ sì dúró.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni The Way of the World, tí William Congreve kọ, tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1700. Mirabell ń fẹ́ Millamant. Kí Millamant tó gbà, ó ní kí wọ́n jókòó ṣàdéhùn. Lára ohun tó béèrè ni pé kí òun lè máa kọ lẹ́tà, kí òun sì máa gba lẹ́tà, kí ọkọ má fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, kó má sì fajú ro. Ó ní kí ọkọ kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé bá òun. Mirabell náà ní tirẹ̀: ó ní kí ìyàwó má ní ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan tí yóò máa tì í jáde lọ́dọ̀ ọkọ. Àwọn méjèèjì jọ yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó lé ní 300 ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́, fóònù àti ọ̀rẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí sì wà nínú rẹ̀. Ìgbéyàwó tiwa náà ní irú ìjókòó yìí, àwọn ẹbí ló sì máa ń ṣe é fún wa lọ́jọ́ ìdána. Nígbà tí a dé ibí, àwa fúnra wa la ní láti máa tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe

Fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ láti òní. Iye ìgbà tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò, iye ìgbà yẹn ni yóò dà bíi pé o kò wò ó tó.

Gba àyè lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, kí òun náà gba àyè, kí ẹ jókòó nígbà tí àwọn ọmọ kò sí nítòsí. Ojú lọ̀rọ̀ wà; má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ta ni ọkùnrin yẹn?" Tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ: pé ẹ̀rù ń bà ọ́, pé o ti wo fóònù rẹ̀ láìgbàṣẹ, pé o tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ bó ṣe rí, kó o sì dákẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ tán. Othello fi ìdẹ́rùbà béèrè, irọ́ ló gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ á jẹ́ kó rọrùn fún ẹlòmíràn láti sọ ọ́.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ohun tó sọ dùn ọ́, o ti ní òtítọ́ lọ́wọ́, ẹ ó sì lè gbé e síwájú àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, ìbáà ṣe nínú ẹbí, nínú ìjọ tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Má pe ìyá rẹ ní Ìbàdàn kó o ro ẹjọ́ apá kan fún un. Bí ẹ bá fẹ́ onímọ̀ tó ń bá tọkọtaya sọ̀rọ̀, bi dókítà ìdílé yín, tàbí kó o pe 211 ní Ontario níbí. Wọ́n á tọ́ka yín síbi tó yẹ. Bí inú rẹ bá sì ru tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ fẹ́ gbéra, jáde kúrò nínú ilé kó o lọ bá ẹni tó lè dá ọ dúró. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kejì.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún un pé o gbọ́, o dúpẹ́, o ó bá ìyàwó rẹ sọ ọ́. Ìdáhùn yẹn tó, bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́.

Ní ti ọmọ, padà lọ bá a ka ìwé náà parí. Ní kó wo ohun tí Othello ń sọ nípa ara rẹ̀ nínú ìran tí mo dárúkọ, àti iye ìgbà tí Desdemona béèrè ìdí tí kò rí ìdáhùn. Àròkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jọ lọ wo eré. Láti 1953 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgọ́ ni Stratford ti ń ṣe é, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì sí Toronto. Láti 1983 ni wọ́n sì ti ń ṣe ti Shakespeare ní gbangba nínú High Park. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ jókòó láàárín ìwọ àti ọmọ, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀ nílé.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí ilé yín. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán tí ọ̀rọ̀ ṣì kù, ẹ tún kọ̀wé sí mi, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kọ ọ́. Tìrẹ nìkan ni mo gbọ́ báyìí, mi ò sì ní dá ẹjọ́ kankan títí n ó fi gbọ́ ti ìyàwó wa.